Nítorí Àyà Ìyàwó

Bí òtútù bá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mẹkáníìkì àgbà lẹ́sẹ̀ láàárọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin á ti gbé mọ́tò dé. Bó ṣe ń rí nìyẹn láti ìgbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, òun lẹ́nu iṣẹ́ reluwéè, ìyàwó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n á di ẹrù, ó di etí òkun, níbi tí òtútù kì í ti í mú. Yàrá kan ni wọ́n ń yá lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ń gbin tòmátì àti àlùbọ́sà. Ọmọ wọn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn á kó wọ inú ilé, wọ́n á máa bá wọn ṣọ́ ọ títí òtútù á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé, "Ẹ ò rí ọmọ! Ẹ ò rí ìgbádùn!"

Ìgbádùn kẹ̀! Bí ọkùnrin náà bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, á payín keke. Kò sí ibi tó kórìíra tó etí òkun. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ti mú kí gbogbo sípánà tó mú wá dípẹtà. Ariwo omi ò jẹ́ kó gbọ́ èrò ọkàn ara rẹ̀, ajílẹ̀ adìyẹ sì ń rùn wọlé láti ojú fèrèsé. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni ayé rẹ̀ wà, níbi tí òun àti wẹ́dà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, tí wọ́n sì ń bú ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Àmọ́ ọmọ rẹ̀ ti pè é sí kọ̀rọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́.

"Bàbá mi, àyà Màámi ò dáa. Dókítà ní òtútù lè dá ọkàn wọn dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ o. Ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ̀rù á ti pa wọ́n kí àìsàn tó dé. Ẹ ṣáà sọ pé etí òkun wù yín."

Òun náà mọ̀ pé wọn kì í sọ irú ẹ̀ lójú aláìsàn. Ó gbé e mì. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé etí òkun wu òun. Ìyàwó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Nídìí omi ni ìjà wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

"Gbé korobá yẹn sílẹ̀!" ọkọ á pariwo.

"Ẹ̀yin lẹ máa fi í sílẹ̀. Àbí ẹ rò pé ọmọ ogún ọdún lẹ ṣì jẹ́ ni?"

"Olóríkunkun obìnrin!"

"Ẹ̀yin lọ̀gá wa!"

Wọ́n á jọ di korobá mú, omi á dà sí wọn lẹ́sẹ̀, àgbẹ̀ á dúró láàárín ebè, á máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá sùn lọ́sàn-án, ọkùnrin náà á máa fetí sí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń mí. Bí oorun bá wá gbé òun náà lọ, ọwọ́ ìyàwó láyà rẹ̀ ló máa jí i. Á yí padà, á máa kùn pé obìnrin yìí ò jẹ́ kí èèyàn sinmi.

Bí wọ́n bá padà sílé, nǹkan á ti yí. Lọ́dún kan, yàrá ìránṣọ ti di yàrá àwọn ọmọ. Lọ́dún mìíràn, àna rẹ̀ ti gbé bẹ́ẹ̀dì ńlá sí yàrá àwọn àgbà. Ó ní àwọn kàn ń tún ibẹ̀ ṣe ni.

Lọ́dún yìí, òtútù ò tíì dé àárín nígbà tí ọmọ náà já wọlé bá wọn lójijì ní etí òkun. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ àti àpótí irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló wà lẹ́yìn mọ́tò. Ó kọ́kọ́ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ilé ìdáná, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa bàbá rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

"Bàbá mi, dókítà ní Màámi ò gbọdọ̀ padà mọ́. Ibí ni kẹ́ ẹ kúkú máa gbé."

"Ṣọ́ọ̀bù mi ńkọ́?"

"Ọkọ mi ti ń gbé mọ́tò síbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣọ́ọ̀bù ni àbí ẹ̀mí Màámi?"

Bàbá gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ kúnlẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run ṣe wọ́n lóore, ó sì wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin náà wọlé. Ó ń gbàdúrà nínú pé kí ìyàwó òun kọ̀, kó pariwo, kó fa aṣọ òun ya.

"A ò padà mọ́ o," ó wí. "Ibí ló wù mí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ìyàwó wí. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ibí wu èmi náà."

Inú bí i. "Ó wù ọ́? Ilé tá a jọ pọn omi búlọ́ọ̀kù ẹ̀? Ilé làbọ̀ sinmi oko, ìwọ wá fẹ́ kú sóko?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó wù yín?"

"Irọ́ ni mo pa! Mo kórìíra ibí! Mo kórìíra òkun, mo kórìíra àlùbọ́sà, mo kórìíra ẹni tó mú mi wá! Torí tìẹ ni! Torí àyà rẹ tí kò dáa, tí wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ọ, ni mo ṣe ń jẹ gbogbo ìyà yìí!"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó sáré fa àga sún mọ́ ìyàwó rẹ̀ kó má bàa ṣubú.

"Àyà tèmi kẹ̀?" ni ìyàwó wí, ojú rẹ̀ ń pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀, "nígbà tó jẹ́ pé àyà tiyín ni ọmọ tó wà nílé wa yẹn sọ fún mi pé kò dáa, tó sì mú mi búra pé mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́?"