Òsì Ni Mo Nà sí Ẹ̀rọ

Àyọ̀ká na ọwọ́ òsì sí ẹ̀rọ tó ń ka àtẹ́lẹwọ́ lẹ́nu géètì ọjà ní Mápó.

Òṣìṣẹ́ tó jókòó tì í fajú ro.

"Màmá, òsì lẹ ń nà sí wa? Ẹ̀yin àgbà náà lẹ kọ́ wa pé àrífín ni."

Ẹni tó tò sẹ́yìn Àyọ̀ká pòṣé.

Àyọ̀ká ò gbọ́wọ́ kúrò.

"Àwòrán ọ̀tún yín ti wà nínú ẹ̀rọ, Màmá. Òun nìkan ló lè ṣí ṣọ́ọ̀bù yín."

"Òun náà ló ṣí i lánàá. Wọ́n kó gbogbo ọjà mi lọ. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Òṣìṣẹ́ bojú wo ẹ̀rọ.

"Kọ́kọ́rọ́ tó bá sọnù, a ó ṣe òmíràn. Ọ̀tún mi tó ti ọ̀dọ̀ yín bọ́ sọ́wọ́ olè ńkọ́? Òsì yìí nìkan ló kù fún mi."