Okùn tí Wọ́n Fi Wọn Ẹsẹ̀

Jórinjórin náà jó oríkèé tó kẹ́yìn lára férémù kẹ̀kẹ́ náà ní ìdajì, ó sì fi ọ̀dà bò ó. Kó já mọ́ ẹni tó ni ín nídìí. Ìlara ń jẹ ẹ́. Atiro bíi tirẹ̀ ni wọ́n ń ṣe kẹ̀kẹ́ fún. Okùn tí wọ́n fi wọn ẹsẹ̀ onítọ̀hún méjèèjì ṣì ń fì lórí ìṣó. Ta ló bi òun rí bí òun ṣe ń tiro wá sí ọgbà mẹkáníìkì ní Apo?

Ọládùnjoyè, ẹni tó gbé iṣẹ́ náà wá, wọlé. "Ṣé ó ti tán?"

"Ó ti tán. Ta ló tilẹ̀ ni ín?"

Ìyàwó jórinjórin yọ lẹ́yìn Ọládùnjoyè, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Habeebah, ìgbà tí ẹ sùn ni mo wọn ẹsẹ̀ yín. Ẹ gùn ún ká wò."

Àwọn mẹkáníìkì ti ń pàtẹ́wọ́.