Odò Tí Kò Mọ Ọ̀gbẹlẹ̀

Ìmọ̀ ìṣirò owó ni ọmọbìnrin náà lọ kọ́ ní yunifásítì, ó sì ti yege nínú ìyẹn. Ẹ̀kọ́ àfikún ni kò jẹ́ kó jáde: ẹ̀kọ́ nípa odò àti ilẹ̀ tí òjò ń gbà ṣàn wọnú odò. Ìgbà tó mú un, ó rò pé bí ẹni fẹran jẹ̀kọ ni yóò rí. Ta ni kò mọ omi? Ní báyìí, báǹkì kan ti gbà á síṣẹ́, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń retí, sùúrù wọn sì ti ń tán.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni pé kó yan odò kékeré kan, kó máa wọn jíjìn omi rẹ̀, kó sì ya àwòrán gbogbo ilẹ̀ tó ń fún un lómi. Ó yan èyí tó ń ṣàn ní àfonífojì ẹ̀yìn ọgbà yunifásítì. Kò sí nínú máàpù ilé ìkàwé, ṣùgbọ́n irú odò kékeré bẹ́ẹ̀ kì í sábà sí níbẹ̀. Olórí kunkun ni odò náà. Òjò ti dáwọ́ dúró tipẹ́, koríko ti gbẹ, ilẹ̀ ti sán, síbẹ̀ ó ń ṣàn, omi rẹ̀ sì mọ́ gaara. Láàárọ̀ kùtù àti nírọ̀lẹ́, omi a fà. Tó bá di ọ̀sán, a tún kún. Ọmọbìnrin náà gun àwọn òkè tó yí ibẹ̀ ká títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, kò rí ohun tó ń bọ́ odò yìí. Lọ́jọ́ kan, inú bí i débi pé ó ju ọ̀pá tó fi ń wọn omi sínú igbó, òun náà ló sì tún lọ wá a. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìyá Odò.

Kò-Tíì-Tó ni wọ́n ń pe olùkọ́ wọn, nítorí ohun tó máa ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ gbogbo èèyàn nìyẹn.

"Ilẹ̀ tó o yà yìí kéré," ó ní. "Kò lè bọ́ odò nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣé o ò gbọ́ ọ rí pé odò tó bá gbàgbé orísun ẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ ni?"

"Tèmi ò gbẹ, sà. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìsun kan wà lábẹ́ ilẹ̀."

Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a ò tíì rí irú ẹ̀ níbí o. Láàárọ̀ ọ̀la, mo máa mú àwọn olùdánwò wá sétí odò yẹn. Tá a bá bá omi tó ń ṣàn, o ti yege nìyẹn. Tá ò bá bá a, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ọmọbìnrin náà délé lọ́sàn-án, eruku bò ó. Yàrá méjì ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jọ ń gbé. Ẹnjiníà ni ẹ̀gbọ́n náà níléeṣẹ́ omi ẹ̀rọ, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ilé wọn. Ó ti ka ọ̀rọ̀ omi léèwọ̀ nínú ilé: èyí tí ojú òun ń rí níbi iṣẹ́ ti tó, àbúrò rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ti ilé ìwé kún un.

"Àǹtí mi, ẹ ti fi gbogbo omi inú garawa wẹ̀! Àwọn olùdánwò ń bọ̀ wá wò mí lọ́la, ṣé báyìí ni mo ṣe máa lọ? Ó ti sú mi!" Ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ jágbe mọ́ ọn, àánú rẹ̀ ló ṣe é.

"Nu ojú ẹ. Omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni. Omi ẹ̀rọ lo máa fi wẹ̀ lọ bá wọn, kódà tí mo bá máa hú gbogbo ìlú." Ó wọ bàtà òjò rẹ̀, ó jáde.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ húkọ́. Ó pọ omi pupa, lẹ́yìn náà omi tó mọ́ tú jáde. Àwọn ará ilé ń pariwo láti yàrá dé yàrá. Ọmọbìnrin náà wẹ̀, ó fọ irun, ó pọnmi kún gbogbo garawa àti ìkòkò. Inú rẹ̀ dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣe àtúnsọ ohun tí yóò wí fún àwọn olùdánwò lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀ kan. Àbúrò kúnlẹ̀ fún un.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí mi! Níbo ló ti bà jẹ́ gan-an?"

"Páìpù ńlá kan ló bẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ látọdún tó kọjá," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí bó ṣe ń bọ́ bàtà, "ní àfonífojì ẹ̀yìn yunifásítì yín níbẹ̀ yẹn, ó sì ti sọ ibẹ̀ di odò, ṣùgbọ́n a ti dí i pa, gbogbo ẹ̀ á ti gbẹ kílẹ̀ tó mọ́."