Ẹ̀rí Àwọn Tó Rí I

Ní ọ̀sán Sátidé, Àlùfáà Jethro mú Desmond Mobọ́lá lọ sí ilé Màmá Agatha ní Àyèká. Olùkọ́ ìtàn ni Desmond ní yunifásítì tó wà ní Okìtìpupa. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí i. Lójú ọ̀nà, àlùfáà tún ọ̀rọ̀ náà rò fún un.

Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó púpurù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń yan lórí iná, lọ sí Arógbò ló dojú dé. Àwọn mẹ́ta wẹ̀ jáde. Lucas, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Agatha bí, kò jáde, omi kò sì dá a padà. Ẹbí ti béèrè ẹ̀wù kan tí wọn yóò sin dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní agboolé tiwọn, wọn kì í gbẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀dọ́ láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Màmá kò sọ ọ́. Ìbéèrè kan náà ló ń bi gbogbo ẹni tó bá wá rọ̀ ọ́: báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni àwọn tó kọ ìtàn àjíǹde sọ?

"Olórí àwọn obìnrin ìjọ wa nìyẹn o," ni àlùfáà wí. "Bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá kú, ti ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò bá a lọ. Mo ka Bíbélì fún un títí. Ó ní òun náà mọ̀ ọ́n kà."

Ọdún tó kọjá ni Desmond sin Olúwaṣìkẹ́mi, ìyàwó rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń yẹ ẹ̀rí àjíǹde yìí wò tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan dán afárá onígi wò kó tó tẹ èkejì lé e. Afárá náà gbà á dúró. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mì ín mọ́ òun lẹ́sẹ̀.

Wọ́n bá Màmá lẹ́yìnkùlé, ó ń fi ọ̀bẹ họ èèpo dúdú ara púpurù tó ti gbẹ lórí ààrò. Kò wọ dúdú. Gbogbo ẹ̀wù Lucas ló wà lórí okùn, omi ṣì ń kán lára wọn. Ó ń ṣa èyí tí yóò fún ẹbí ni, Desmond rò ó bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀.

"Ẹ kú ilé, mà."

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé dókítà ìwé tí wọ́n ń sọ nìyí? Èyí tí kò lè gún èèyàn lábẹ́rẹ́?"

Desmond rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ni, mà."

"Ẹ jókòó. Áńgẹ́lì mélòó ló wà níbi ibojì?"

Kò tíì jókòó tán. "Mátíù dárúkọ ẹyọ kan, mà. Lúùkù ní ọkùnrin méjì."

"Bí ẹlẹ́rìí méjì bá sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù Okìtìpupa, kí ni adájọ́ yóò ṣe fún wọn?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..." ni àlùfáà wí.

"Ẹ jẹ́ kó dáhùn, Àlùfáà. Ẹ̀yin lẹ mú un wá."

"Adájọ́ tó gbọ́n yóò wo ibi tí ẹnu wọn ti kò," ni Desmond wí. "Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ráyè kà, mà. Bí gbogbo wọn bá sọ ọ́ bákan náà láìyẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti jókòó pa á pọ̀ ni. Orí ohun kékeré ni ẹnu wọn ti yà. Lórí ohun ńlá, kò yà."

Ọ̀bẹ náà dúró. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í họ èèpo.

"Wọn kò rí òkú. Ṣé àìrí òkú ti tó?"

"Kò tó."

Àlùfáà yíjú sí i kíá. Desmond kò wò ó. Kò fẹ́ purọ́ fún obìnrin yìí.

"Ọ̀nà tí òkú fi lè sọnù pọ̀, mà. Àìrí òkú nìkan kò fi ohunkóhun hàn. Àwọn tó fi ojú ara wọn rí i la ń gbára lé."

"Ojú a máa tan èèyàn."

"Ojú ẹnì kan, bóyá."

"Tàbí kí wọ́n purọ́."

"Kí ni wọ́n jẹ níbẹ̀? Ẹgba àti ẹ̀wọ̀n. Èrè ni òpùrọ́ ń wá. Obìnrin ni ẹlẹ́rìí wọn àkọ́kọ́, láyé ìgbà tí wọn kì í ka ẹ̀rí obìnrin sí. Òpùrọ́ ìbá fi ọkùnrin síbẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sì kọ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rí I ṣì wà láàyè. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè lọ bi wọ́n."

"Kó lọ bi wọ́n," ni Màmá wí jẹ́jẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Desmond rí i pé Màmá ti gbójú sókè kúrò lára púpurù. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kí òun tẹ̀ mọ́. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn.

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, tísà?" ni Màmá bi í. "Ṣé o lè fi ẹ̀mí ara rẹ lé irú ẹ̀rí yìí?"

"Mo ti fi ìyàwó mi lé e, mà."

Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ rẹ dúró. Mo wá ibi tí mo lè gbà bì í ṣubú, mi ò rí." Ó yíjú sí àlùfáà. "Ẹ sọ fún ẹbí kí wọ́n lọ gbẹ́ ilẹ̀."

Àlùfáà Jethro fò dìde. "Ògo ni fún Olúwa! Màmá, ìgbàgbọ́ yín ti jí!"

"Ìgbàgbọ́ mi kò kú rí, Àlùfáà," ni Màmá Agatha wí, "àwọn mẹ́ta tó wẹ̀ jáde nínú omi ni mi ò gbà gbọ́, torí ọ̀kan sọ pé apá ọ̀tún ọkọ̀ ni Lucas rì sí, èkejì ní apá òsì ni, títí ẹ fi wọlé báyìí ni mo sì ń retí ọmọ mi."