Gómìnà Tó Ṣe Tọ̀tún, Tó Tún Ṣe Tòsì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì kọjá lọ. Ẹ ka ọ̀rọ̀ Evaristo yìí tán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1.
Ọdún keje rèé tí Evaristo Quintanilha ti ń ṣe gómìnà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní Brazil. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà láàárín ló wà: kò sí nínú ẹgbẹ́ ọ̀tún, kò sí nínú ẹgbẹ́ òsì tó ń bá a jà. Àwọn tí wọn kì í kí ara wọn ní Brasília, olú-ìlú wọn, wọ́n á jókòó mu kọfí pọ̀ nílé rẹ̀. Ohun tí aráàlú fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó yá, ipò ààrẹ wọ̀ ọ́ lójú. Marlúcia, olórí ẹgbẹ́ òsì, wá bá a, ó ní tó bá máa ṣe tàwọn, àwọn á tì í lẹ́yìn.

"Ṣé tiwa lẹ ó ṣe?"

"Àbí ti ta ni mo tún fẹ́ ṣe? Tiyín ni mo jẹ́!"

Lọ́jọ́ kẹta, Teobaldo, olórí ẹgbẹ́ ọ̀tún, náà dé pẹ̀lú irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Èsì kan náà ló gbà.

Zuleide ìyàwó Evaristo gbọ́ méjèèjì. "Bàbá Ivone, èwo ni ká gbà gbọ́?"

"Òṣèlú nìyẹn, ìyàwó mi. Jẹ́ n dé orí àga ààrẹ ná."

2.
Òfin wọn ni pé gómìnà tó bá fẹ́ du ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ fipò sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ìbò. Tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Evaristo fọwọ́ sí ìwé, ó fi àga lé Dalmo, igbákejì rẹ̀, lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀," Dalmo wí. "Ẹ̀yin náà lẹ ṣì ni ín."

3.
Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Marlúcia àti Teobaldo pàdé nínú bàálù, wọ́n jókòó ti ara wọn. Ọ̀rọ̀ di ẹ̀rín, títí wọ́n fi rí i pé ohun kan náà ni Evaristo sọ fún àwọn méjèèjì; ẹ̀rín di ìbínú. Bí wọ́n ṣe balẹ̀, fóònù kan ṣoṣo ni wọ́n fi pè é.

"Evaristo, àwa méjèèjì là ń gbọ́ ẹ o. Ti ta lo jẹ́?"

"Ẹ... ẹ jẹ́ n ṣàlàyé..."

"Lọ ṣàlàyé fún ara ẹ!"

Nígbà tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ gbọ́, ẹlòmíì ni wọ́n fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Evaristo sáré lọ bá Dalmo. Wọ́n ní kó jókòó dè é lórí bẹ́ńṣì níta ọ́fíìsì tó jẹ́ tirẹ̀ lóṣù tó kọjá.

"Dalmo, gbà mí. Jẹ́ n padà."

"Ọ̀gá, èmi kọ́ ni mo lé yín. Ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ni." Ó wo aago. "Ẹ má bínú, mo ní àlejò."

Evaristo wọ mọ́tò. Awakọ̀ bi í pé, "Ibo là ń lọ, sà?" Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Awakọ̀ dúró títí, ó bá pa ẹ́ńjìnnì.

Ìwọ tó ò ń ka èyí, ṣọ́ra o! Ẹni tó bá ń sọ fún gbogbo ayé pé tiwọn lòun ń ṣe, lọ́jọ́ tó bá nílò èèyàn, kò ní rí ẹyọ kan. Má sì ju èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ nù nítorí ìlérí tó o fi irọ́ gbà. Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò pa.