Ègé Ọ̀rọ̀ Tó Há Sórí Òrùlé

Ìyá Àrínpé ń fọ eyín lọ́wọ́ nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, tó fi ń gba ìpè, dún. Ohùn ọmọ rẹ̀ ni, láti ìlú tó wà lábẹ́ òkun. “Màmá, mo ti bí...” Ohùn náà dákẹ́.

“Ègé ọ̀rọ̀ kan ṣì kù,” ni ìlẹ̀kẹ̀ náà wí. “Ó há sórí òrùlé Bàbá Adéṣeun, aládùúgbò yín.”

Òfin ìlú ni pé kí ẹ̀rọ orí òrùlé kọ̀ọ̀kan máa gba ọ̀rọ̀ aládùúgbò, kó sì tì í síwájú. Ṣùgbọ́n Ìyá Àrínpé àti Bàbá Adéṣeun kì í kí ara wọn mọ́ látìgbà tí wọ́n ti jà nítorí ògiri àárín ilé wọn. Ìyá Àrínpé mí kanlẹ̀, ó lọ kanlẹ̀kùn.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi há sórí òrùlé yín. Ó ti bímọ, mi ò sì mọ ohun tó bí.”

Bàbá jáde, ó wòkè. “Háà, ẹyẹ ti kọ́lé bo ẹ̀rọ! Ẹ bá mi di àkàbà mú.”

Ó gùn ún, ó rọra gbé ìtẹ́ ẹyẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lójú ẹsẹ̀, ohùn Àrínpé dé: “...ìbejì, Màmá! Obìnrin ni àwọn méjèèjì!”

Bàbá Adéṣeun gbàgbé pé orí àkàbà lòun wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

“Ẹ rọra o!” Ìyá Àrínpé ń rẹ́rìn-ín, ó di àkàbà mú pinpin. “Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná, ká jọ jó!”