Irun Orí Aránbàtà

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà gbé bàtà tí aránbàtà fọwọ́ ara rẹ̀ rán sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kò rí àléébù kankan. Lẹ́yìn náà ló wá wo orí ẹni tó rán an. Irun ibẹ̀ gùn dé èjìká. Wọ́n dì í ní ìlà ìlà lọ sẹ́yìn, àwọn ìlà náà sì wọ́ díẹ̀.

"Iṣẹ́ wà," ni ọ̀gá wí. "Àmọ́ irun yẹn ò lè bá ẹ wọlé síbí. Ojú wa làwọn oníbàárà máa ń wò kí wọ́n tó wo bàtà. Lọ gé e, kó o bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

"Ẹ ṣé, sà. Mi ò lè gé e."

"Ta lo ń dá a sí fún?"

Aránbàtà kó bàtà rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó kí ọ̀gá, ó sì jáde.

Bó ṣe ń rí níbi gbogbo nìyẹn. Níbi tó ti ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn, nígbà tí irun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn, wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kó ra yẹtí kún un. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Níbòmíràn, obìnrin tó ń gba èèyàn síṣẹ́ bi í bóyá Dàda ni wọ́n bí i. Ó ní rárá.

"Ó dáa náà," obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Dàda ò lè jà, àmọ́ ó ní àbúrò tó gbójú. Ìwọ ńkọ́, o ní àbúrò?"

"Mo ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀, mà."

Ẹni tó kàn lórí ìlà ni obìnrin náà ti ń wò.

Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn èèyàn kì í fẹ́ jókòó tì í. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ò pè é mọ́. Orí sì ń yún un, pàápàá tí oòrùn bá mú. Tó bá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkóríta, á dúró díẹ̀, á máa wo àwọn ọkùnrin tó ń jáde, tí wọ́n ń fọwọ́ pa orí wọn tó mọ́ roro. Á mí kanlẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Tí kò bá tètè ríṣẹ́, oúnjẹ á tán nílé, á sì di dandan kó gé irun náà. Kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù tó ìyẹn.

Ọkùnrin kan tó ń ta awọ ló júwe ilé iṣẹ́ kékeré kan fún un, lẹ́yìn afárá. Nígbà tó wọlé, ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Gbogbo àwọn ọkùnrin tó jókòó ti tábìlì ló nírun lórí bí igbó. Ọ̀kan fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ so tirẹ̀, òmíràn wé e mọ́rí. Ti ọ̀gá wọn funfun, ó sì dé ìbàdí. Kìnnìún ni wọ́n ń pè é.

Kìnnìún ò tilẹ̀ bèèrè bàtà. Ó wo orí rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Wọlé, àbúrò! Ibo lo wà látọjọ́ yìí? Wọ́n ti lé àwa náà káàkiri. Níbí, ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé kó o gé e láéláé."

Omi lé sójú aránbàtà. Wọ́n fún un ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n máa ń jókòó sọ bí wọ́n ṣe bá bàbá wọn jà nítorí irun, àti bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Nígbà tó kan aránbàtà, kò rí nǹkan kan sọ. Ó wà láàárín wọn, síbẹ̀ ó dá wà.

"Ta ló tilẹ̀ ń dì í fún ẹ?" ni Kìnnìún bi í. "Irun ọmọ iléèwé ni wọ́n ń dì fún ẹ yìí, ó tún wọ́ bí ọ̀nà oko."

"Ẹnìkan nílé ni."

"Hẹn-ẹn! Ìyàwó!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí wọ́n ti ń pè é tó pé kó wá bá àwọn ṣeré lọ́jọ́ Àìkú, kì í lọ. Lọ́jọ́ náà, á fá irùngbọ̀n rẹ̀ kanlẹ̀, á fi ìpara olóòórùn dídùn para, á mú òòyà, á sì ti ilẹ̀kùn.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé kò wá síṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó ránṣẹ́ pé ara ẹnìkan ò yá nílé. Nígbà tó padà dé, ó ti fá orí rẹ̀ kodoro.

Gbogbo ọwọ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kìnnìún ju òòlù sílẹ̀.

"Kí lo ṣe yìí? Ṣé o ti ríṣẹ́ síbòmíràn ni? A mà rò pé ọ̀kan náà ni wá!"

"Ẹni tó ń dì í ti lọ."

Ojú wọn rọ̀. Ẹni tó wérun mọ́rí fọwọ́ kàn án léjìká.

"Torí pé ìyàwó lọ lo ṣe fárí? Má dá ara ẹ lóró. Obìnrin ò tán láyé. Òmíràn á wá, irun á sì hù."

Aránbàtà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó jókòó ti fèrèsé, ó fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn láti gbá irun kúrò lọ́rùn, kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ìyá wọn arúgbó, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí kò sì rántí ìsìnkú náà, kò jẹ, tí kò mu, àfi tó bá ń rí orí ọmọ rẹ̀ obìnrin dì, ni aránbàtà ti ń jókòó sílẹ̀ sáàárín orúnkún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú gbogbo títí tí ìyá fi kú, tó ń pa ẹnu mọ́, kí ìyá má baà gbọ́ ohùn ọkùnrin.